Fèrè Ọ̀sán Gangan ní Amfiaréò

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, àárọ̀ òní náà ló ṣì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Asimína ń ṣọ́ ojúbọ àtijọ́ ní Amfiaréò, nínú àfonífojì lẹ́bàá abúlé Kálamo, nílẹ̀ Gíríìsì. Àwọn ará àtijọ́ sọ pé akọni wọn, Amfiaráò, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, kò kú sójú ogun. Ó wọlẹ̀ ni, tòun ti kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀, ó sì yọ níbi ìsun omi àfonífojì yìí. Nítorí náà ni aláìsàn fi máa ń wá síbẹ̀ láyé ìgbà náà. Wọ́n á pa àgbò, wọ́n á tẹ́ awọ rẹ̀, wọ́n á sùn lé e, wọ́n á máa retí àlá ìwòsàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí ti wó, ṣùgbọ́n ìjókòó òkúta inú rẹ̀ ṣì wà.

Anésti, bàbá Asimína, ló ṣọ́ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí àlejò kan bá na ẹ̀yìn lé òkúta náà lọ́sàn-án, Anésti á fọn fèrè: kúkúrú méjì, gígùn kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni wọ́n máa ń bi í.

"Ẹ sáà dìde."

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbà dá Anésti wólẹ̀, ó sì gba ohùn rẹ̀ lọ. Bó bá ń wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń wo ògiri ni. Fótì, ẹ̀gbọ́n Asimína, pè é lórí fóònù láti Áténì.

"Ọjọ́ Àìkú ni mò ń bọ̀ wá gbé e. Mo ti bá ilé àwọn arúgbó sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ibẹ̀ á pa á."

"Tó bá lè pe orúkọ mi nígbà tí mo bá dé, màá fi í sílẹ̀ fún ẹ. O gbọ́?"

Ó gbọ́. Ní Sátidé, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo Kálamo ti tilẹ̀kùn sùn, ó mú bàbá rẹ̀ wá sí ojúbọ náà. Lámbro tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rí awọ àgbò lábíyá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹran rẹ̀ dà? Awọ lásán lo mú wá fún èmi tébi ń pa?"

"Lámbro, ti géètì."

"Bàbá tó fọn fèrè lé gbogbo ayé! Tó bá lóhùn ni, ìwọ ni ì bá kọ́kọ́ lé jáde."

Síbẹ̀, ó ti géètì.

Asimína tẹ́ awọ sórí òkúta, ó sì gbé bàbá rẹ̀ lé e. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ó ń mi orí ṣáá.

"Ẹ sùn, Bàbá. Lẹ́ẹ̀kan péré."

Ọwọ́ náà dẹ̀. Ojú rẹ̀ padé.

Ooru mú. Òórùn oje igi páìnì gba gbogbo ibẹ̀. Lókè igi, àwọn kòkòrò ń han bí ayùn. Lójijì, gbogbo wọn dákẹ́. Ìsun omi náà dákẹ́. Asimína ń gbọ́ mímí bàbá rẹ̀. Ó tún gbọ́ mímí kejì, lábẹ́ òkúta. Bí ti òkè bá ń wọlé, tìsàlẹ̀ á máa jáde. Ó fẹ́ jí i. Apá rẹ̀ kò gbé. Nígbà tó yá, mímí kan dúró.

Kò mọ èwo ni.

Kòkòrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í han.

"Asimína," ni Anésti wí. Ó ti dìde jókòó. "Ebi ń pa mí."

Asimína sunkún títí délé. Nígbà tí Fótì dé lọ́jọ́ kejì, bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Fótì! Wo ikùn! Ṣé ìwọ nìkan lò ń jẹun ní Áténì ni?"

Fótì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ólífì, ó sì dá nìkan padà sí Áténì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, Asimína àti Lámbro ń mu kọfí lábẹ́ igi. Kòkòrò dákẹ́. Fèrè kan dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kúkúrú méjì, gígùn kan.

Lámbro gbé ife kalẹ̀. "Bàbá ẹ ti padà síṣẹ́ ni?"

"Ó wà nílé."

Wọ́n lọ wò ó. Kò séèyàn. Awọ àgbò tí Asimína gbàgbé síbẹ̀ tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ẹnìkan ṣì dùbúlẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fèrè náà tún dún. Abẹ́ òkúta ló ti ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó mú fèrè àtijọ́ bàbá rẹ̀ lára ògiri, ó fi í síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e sétí, ó tẹ́tí sí i.

"Ó dára o," ó ní. "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Asimína bu ọbẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ ni fèrè ń dún. Lámbro ti ní kí àwọn ọ̀gá gbé òun lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn.

"Mú un padà wá sùn síbẹ̀, Asimína," ló sọ kó tó lọ.

"Tí mo bá wá pàdánù àwọn méjèèjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, ńkọ́?"

Lámbro gbé àpò rẹ̀, ó gba ọ̀nà géètì.

Ẹni tó wà nílé ń pè é lórúkọ láràárọ̀, jẹ́jẹ́, ju bí bàbá rẹ̀ ti pè é rí lọ. Lọ́sàn-án àná, fèrè abẹ́ òkúta ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kúkúrú kan. Ó pẹ́. Kúkúrú kejì.

Asimína dúró sẹ́bàá òkúta, awọ àgbò lábíyá, ó ń retí gígùn.