Okùn Iwájú

Kí n tó sọ ohunkóhun, màá ka àwọn tó wà ní abà Ìdí-Apá ní òjò ìkẹyìn ọdún 1938, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ẹni tó bá wù wọ́n ló wà níbẹ̀. Bàbá mi, Obadiah Oyèwùmí, tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Ìkirè láti lọ gbin kòkó, wà níbẹ̀. Ìyá mi, Àrínọlá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Ìyá Àgbà, Títílọlá, tó bí bàbá mi, wà níbẹ̀. Fẹ́yìsetán, àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, wà níbẹ̀. Rùfáì ará Apòmù, tí a ń pè ní Bàbá Sàlámọ̀tù, tí oko wọn bá tiwa pààlà, wà níbẹ̀. Èmi Adérónkẹ́ náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú mi mú bí abẹ.

Àwọn ajá wa mẹ́rin wà níbẹ̀: Tèmiyémi, Ẹnuayé, Pamílẹ́kún àti Ọ̀rọ̀pọ̀. Àwọn ará Ìkirè ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n kàwé tán, wọ́n wá lọ ń bá ọ̀bọ gbé inú igbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ajá náà fi ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá mi bá ti ń pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́.

Ajá karùn-ún ni mo fi sí ìparí. Títí di òní, tí mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kà á mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀.

Abà wa jìnnà. Bí ènìyàn bá kúrò ní Apòmù láàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó dé odò tí a fi ìtì igi méjì ṣe afárá rẹ̀, abà ṣì kù níwájú. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀, kò sí ilé ìwé, kò sí ìpolówó ọjà. Orí ni a fi ń ru kòkó jáde. Ajá ni a fi ń mọ̀ pé àlejò ń bọ̀.

Ìdílé wa kì í jẹ ajá. Bí ajá ilé bá kú, aṣọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ni a fi ń wé e. A ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì gbin igi lé e lórí. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ajá tí a kò bá sin kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Ọkọ̀ òkun ni Bàbá Kékeré bá lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni a kò gbúròó wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n gbé àpótí kan, ẹ̀wù òtútù kan tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, àti ẹsẹ̀ òsì tó ku ọmọ ìka mẹ́ta. Wọ́n ní àìsàn ló mú kí ọkọ̀ já àwọn sílẹ̀ ní Kánádà. Àwọn bá òyìnbó arúgbó kan gbé nínú igbó fún ọdún kan gbáko, níbi tí odò ti ń le tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ajá ló ń wọ́ ẹrù wọn lórí yìnyín.

Bàbá Sàlámọ̀tù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Fẹ́yìsetán, irọ́ yìí ga ju àgbọn lọ. Bí ajá bá di ọkọ̀, ṣé ewúrẹ́ ni yóò máa gba owó èrò?”

Bàbá Kékeré kàn fa àpótí wọn sún mọ́ iná. Ẹ̀gbẹ́ iná ni wọ́n jókòó sí, ní ọ̀sán gangan, nínú ooru tí àwa yòókù ń wá ibòji. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí lójoojúmọ́, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sí iná, ara wọn á sì máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ba ọ̀nà jẹ́ tí àwọn alárù kọ̀ láti wá, wọ́n dìde. Wọ́n gé pákó ìrókò méjì, wọ́n fá orí wọn sókè bí imú bàtà, wọ́n fi ọparun dè wọ́n pọ̀. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní táyà. Ilẹ̀ amọ̀ tí òjò ti rin ni yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n hun okùn tí àwọn ajá yóò fi àyà fà: méjì lẹ́yìn, méjì láàárín, ọ̀kan níwájú.

Bàbá mi ka okùn náà. “Fẹ́yìsetán, ajá mẹ́rin la ní. Ta ló ni ìkarùn-ún?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni.”

Wọn kò tú okùn karùn-ún náà kúrò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ajá tí kò mọ̀ ju kí wọ́n lé òkété lọ ti ń fa àpò kòkó méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Àwọn ará Apòmù máa ń jáde síta wá wò wọ́n. Inú bàbá mi dùn. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn ajá náà kíkankíkan.

Bàbá Sàlámọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó ń kírun ni wọ́n, wọn kò fẹ́ kí imú ajá tútù kan aṣọ wọn. Bí àwọn ajá bá ti ń bọ̀ lọ́nà tóóró yẹn, wọ́n á fara ti igi, wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á máa kà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wá bá bàbá mi níbi tí a ti ń sá kòkó. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

“Tíṣà, ajá mélòó lẹ ní?”

“Mẹ́rin. Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni?”

“Mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń sá fún ajá ló mọ iye wọn. Mẹ́rin ló kọjá lára mi lónìí. Ṣùgbọ́n aṣọ mi mì lẹ́ẹ̀marùn-ún.”

“Atẹ́gùn ni.”

“Atẹ́gùn tó máa ń ṣíwájú ajá lójoojúmọ́? Tíṣà, èyí àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe imú rẹ̀ ló tutù. Òun fúnra rẹ̀ ló tutù.”

Bàbá mi ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí kòkó, kí n máa lọ. Mo lọ, ṣùgbọ́n etí mi kò lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ṣọ́ okùn iwájú. Nígbà tí àwọn ajá bá ń lọ, kò kan ilẹ̀. Ó nà tantan bí okùn tí a sá aṣọ sí, ojóbó tó yẹ kó wà lọ́rùn ajá ṣí sílẹ̀ róbótó, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ní alẹ́, mo bu omi sínú igbá karùn-ún, mo gbé e sí ìdí okùn náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ti dì lójú bí gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ìka kàn án, ó fọ́ ṣáká. Mo fi díẹ̀ sẹ́nu, ó ta mí létè, ó sì di omi. Mo mọ yìnyín tó ń bá òjò wá, tí a máa ń ṣà jẹ. N kò rí yìnyín tó ń hù nínú igbá rí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, Míìsì Edith bi kíláàsì wa pé ta ló ti rí omi tó dì rí. Èmi nìkan ni mo nawọ́. Wọ́n ní níbo? Mo ní ní Ìdí-Apá, lẹ́yìn Apòmù. Kíláàsì fi mí ṣẹ̀sín títí a fi jáde ìwé. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì nígbà tí ìrọbí mú ìyá mi láìtọ́jọ́. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé inú wọn, wọ́n gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì. “Ọmọ yìí dábùú,” ni wọ́n wí. “Ọwọ́ mi ò ká a. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Apòmù ni ká gbé e lọ bá. Bí oòrùn bá wọ̀ kí a tó débẹ̀, ẹni méjì la ó sin.”

A tẹ́ ẹní sórí pákó náà. Pẹ̀lú ìrora tí ìyá mi wà, wọ́n wo àbúrò ọkọ wọn. “Atúkọ̀ mi, ṣé ọkọ̀ yín ń gbé èrò?”

“Ìyàwó wa nìkan ló ń gbé,” ni Bàbá Kékeré fèsì, wọ́n sì fi ẹ̀wù òtútù wọn bò wọ́n.

Àwọn ajá sáré. A ń sá tẹ̀lé wọn, Ìyá Àgbà náà ń sá. Nígbà tí a dé odò, afárá ti lọ. Omi pupa ń ru gùdù, ó ń gbé odindi igi lọ. Àwọn ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dùbúlẹ̀. Okùn iwájú bọ́ wálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. N kò rí i kó rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Àgbà wo okùn náà. Wọ́n wá wo ọmọ wọn. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́.

“Fẹ́yìsetán, kí lo fi ṣe?”

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn gbà.”

“Kò sí ibòmíràn. Kí lo fi ajá yẹn ṣe?”

Bàbá Kékeré kúnlẹ̀ sínú omi. “Oúnjẹ ló tán. Bàbá arúgbó yẹn kú, yìnyín sì dí ilẹ̀kùn. Òun ló máa ń ṣíwájú gbogbo wọn. Mo pè é, ó wá, ó ń ju ìrù. Mo pa á, mo jẹ ẹ́. Agbára rẹ̀ ni mo fi rìn jáde.”

Bàbá mi yíjú kúrò bí ẹni tí a gbá létí.

“Egungun rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o sin ín?” ni Ìyá Àgbà béèrè.

“Mo se é mu. Kò ku nǹkan kan. Ìyá mi, inú mi ni sàréè rẹ̀.”

Ìyá mi ti ki aṣọ bọ ẹnu, wọ́n ń gé e jẹ.

“Kí ni orúkọ rẹ̀?”

“N kò pè é mọ́ láti ọjọ́ náà.”

“Pè é. Má pè é bí o ṣe pè é lọ́jọ́ tí o pa á. Pè é bí ẹni tó fẹ́ kó ṣíwájú.”

Lẹ́ẹ̀kínní, ètè wọn nìkan ló mì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ ọ: “Nẹ́lì.” Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ké e débi pé ẹyẹ fò lórí igi.

Òtútù gbá mi lójú. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu gbogbo wa, lẹ́nu ìyá mi náà. Okùn iwájú dìde kúrò nínú ẹrẹ̀, ó nà tantan, ó kọjú sí odò. Àwọn ajá dìde tẹ̀ lé e. Bàbá mi pariwo pé ká dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Pákó náà wọ inú odò, kò sì rì.

Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀ lásán. Abẹ́ ẹsẹ̀ mi funfun, ó ń gé mi jẹ bí ìjàlọ, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo bojú wolẹ̀. Mo rí omi pupa tó ń ṣàn nísàlẹ̀, mo sì rí ewé kan tó gba abẹ́ gìgísẹ̀ mi kọjá lọ.

Bàbá Sàlámọ̀tù wà ní èbúté kejì, wọ́n ti ń bọ̀ láti wá sọ fún wa pé afárá ti lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ká aṣọ wọn sókè bí ìṣe wọn. Nígbà tó yá, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n gbá àwọn ajá náà mọ́ra pẹ̀lú omi ara wọn, wọ́n fà wọ́n gòkè. “Sùbúhànálláhì,” ni wọ́n ń wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ sí mi létí: “Adérónkẹ́, márùn-ún ni.”

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a dé Apòmù. Nọ́ọ̀sì yí ọmọ náà padà, ìyá mi sì bí i láàyè: Gbádégẹṣin, àbúrò mi, ẹni tí kò wọ súwẹ́tà nínú ọyẹ́ títí ó fi darúgbó. Bàbá mi ní àpáta ni a gbà kọjá. Tíṣà ni wọ́n, tíṣà gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Mo ti lọ síbi odò náà nígbà ẹ̀rùn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí àpáta níbẹ̀.

Ìyá Àgbà kò bá Bàbá Kékeré jà. Wọ́n kàn sọ fún wọn pé: “Ibi tí o bá wà ni sàréè rẹ̀ wà. Máa rìn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí a bá sin ọ́ la ó sin òun náà.” Láti ọjọ́ náà, Bàbá Kékeré kò jókòó ti iná lọ́sàn-án mọ́. Igbá márùn-ún ni wọ́n ń bu omi sí lálaalẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀. Nínú ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, ikọ́ mú wọn lọ. Ẹ̀wù òtútù yẹn ni a fi wé wọn ní Ìdí-Apá. Ìyá Àgbà pe Nẹ́lì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá pe ọmọ wọn, wọ́n sì gbin igi obì lé wọn lórí. Àwọn ajá tó kù tò sí ẹ̀gbẹ́ sàréè náà, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ níwájú.

Okùn iwájú wà lọ́dọ̀ mi. Ìṣó ni mo fi kọ́ ọ sí ara ògiri yàrá mi ní Ìkirè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti rọ̀ sílẹ̀ bí okùn lásán. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ gbé àwòrán ilẹ̀ wá, tí wọ́n ní àwọn yóò ta Ìdí-Apá, pé wọn yóò hú igi obì náà, mo wo ara ògiri. Okùn náà ti kúrò lára rẹ̀. Ó nà tantan sí ẹnu ọ̀nà, ojóbó rẹ̀ sì ṣí róbótó.

Adébímpé, ọmọ mi, ìwọ ni mo kọ èyí sí. Dé Ìdí-Apá kí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ tó débẹ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi náà. Bu omi sínú igbá, gbé e sí ìdí rẹ̀, kí o sun ibẹ̀ mọ́jú. Bí omi náà bá dì lójú, má sá. Fi ìka fọ́ ọ, kí o sọ fún ajá náà pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà, pe orúkọ wọn méjèèjì. Ti ajá ni kí o kọ́kọ́ pè.