Ẹsẹ̀ Lórí Àdìrẹ

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Tawheed kọ́kọ́ gbé wọ ayé Ummulkulthum, ibi tí kò sì yẹ kó gbé e sí gan-an ló gbé e sí.

Iná sólà ló wá gbé sórí òrùlé wọn ní Ìtòkú. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àkàbà léjìká, ó ń wo òkè. Kò wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yẹn ni Ummu tẹ́ aṣọ tó ti ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí láti àná, ẹ̀kọ náà kò sì tíì gbẹ.

"Yéè! Ẹsẹ̀ yín, ọ̀gbẹ́ni!"

Tawheed wolẹ̀, ó rí nǹkan tó ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó wá dúró lórí ẹyọ kan bíi lékeléke, àkàbà ń mì tìtì léjìká rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n wá gbé e sí báyìí?"

Ummu bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, Àlàhájà Àfúsá, kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àwọn aláàdìrẹ fi ń lẹ́wà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá sì ti gbé ẹ̀kọ kúrò, kò sí àtúnṣe mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òkè lo fi ń rìn ni?" Àlàhájà ká aṣọ náà, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Kò sí àdìrẹ tó ti ọwọ́ obìnrin yìí jáde tí kì í fún lórúkọ, ṣùgbọ́n Ummu rò pé àkísà ni orúkọ tìyẹn.

Sólà náà kò bàjẹ́ rí. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Tawheed ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń yẹ̀ wò. Kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, baba Tawheed, Alhaji Sàlàhúdíìnì, sì ti wá láti Kemta wá tọrọ Ummu. Ọjọ́ yìgì nìkan ló kù kí wọ́n mú.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé láti yunifásítì méjì lọ́sẹ̀ kan náà. Ìbàdàn gba Ummu láti tẹ̀síwájú nínú kẹ́mísírì tó ti kà gboyè. Sáríà gbà á láti kọ́ nípa aṣọ àti aró.

Láti kékeré ló ti ń wu Ummu láti mọ ìdí tí aró fi ń mú lónìí tí kò ní mú lọ́la, tí ìyá rẹ̀ á máa bẹ ìkòkò aró bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń bínú. Sáríà ló wù ú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn kò dé Sáríà rí.

"Bó bá jẹ́ Ìbàdàn, mo lè jí láàárọ̀ kí n gbé ọbẹ̀ wá fún ọ," ni Àlàhájà wí. "Sáríà ńkọ́? Ta la mọ̀ níbẹ̀? Ta ni yóò kí ọ kú àárọ̀?"

Alhaji Sàlàhúdíìnì náà ní ìyàwó ọmọ òun kò gbọdọ̀ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ sì ni gbèdéke tí àwọn ilé ìwé fún un láti dá wọn lóhùn.

"Ìbàdàn ni mo mú," ni Ummu sọ fún Tawheed.

"Ṣé òun ló wù ẹ́?"

"Ó súnmọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, Tawheed ní iṣẹ́ kan pe òun síta, ó wọkọ̀ ní Kuto. Bí Ummu bá pè é, ohun tó ń sọ kò ju pé òun á padà pè é lọ. Inú Ummu bàjẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ òun ti sú u ni?

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ummu ti kọ ohun gbogbo tí Ìbàdàn béèrè sórí fóònù, ó ku kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ni Tawheed wọlé, eruku títí dé ìpéǹpéjú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ilẹ̀ dáadáa kó tó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàhájà. Sáríà ni mo lọ."

Igi tí Àlàhájà fi ń ro aró bọ́ sínú ìkòkò.

"Ìyá kan wà ní Sàmárù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ará Ìlọrin. Ìyá Rodiat ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ní yàrá kan ṣófo nílé àwọn, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí ẹni bá àwọn sọ Yorùbá láàárọ̀." Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Wọ́n ń gbọ́ yín báyìí."

Àwọn obìnrin méjì tí kò mọra rí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí ìkíni, wọ́n sọ ọ́ dé orí ọmọ, dé orí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ìrun Mọ̀ǹgàríbà ló bá wọn níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" ni Ummu bi í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wàá ní kí n má lọ ni. O fẹ́ fi Sáríà sílẹ̀ nítorí mi, mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ohun tá a fẹ́ fi sílẹ̀."

"Iṣẹ́ tìẹ ńkọ́?"

"Olólùfẹ́ mi, oòrùn ibẹ̀ ju ti ibí lọ. A jọ ń lọ ni. Ebi ò lè pa oní-sólà ní Sáríà."

Ummu pa ti Ìbàdàn rẹ́, ó dá Sáríà lóhùn.

"Ẹ fi Alhaji sílẹ̀ fún mi," ni Àlàhájà wí. "Àmọ́ ẹ máa so yìgì kẹ́ ẹ tó lọ."

Alhaji gbọ́ pé ọmọ òun ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n so yìgì lọ́jọ́ Àìkú kan. Bí Ummu àti Tawheed ṣe ń di ẹrù, Àlàhájà gbé aṣọ kan wá, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Àdìrẹ yẹn ni. Láàárín àwọn ẹyẹ àti ewé tí Ummu kọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan dúró dúdú minimini, ìka márààrún pé.

"Màámi! Ẹ ò jù ú nù? Kí lẹ wá sọ orúkọ rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ Àna."

Tawheed bojú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ummu ló bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn?"

"Ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni," ni Àlàhájà wí, ó ń ká aṣọ náà sínú àpótí wọn. "Mo gbọ́ bí o ṣe rẹ́rìn-ín."