Yìnyín Inú Ọkọ̀ Ẹlẹ́ja

Wilmar kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ní Caño Hondo, ìlú àwọn ẹlẹ́ja tó móoru, tí àwọn ọmọkùnrin etí odò fi sọ ọ́ ní Ará Òkè. Ní ọjọ́ àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Dairo, tó ti gba ipò kìíní nínú eré sísá àjọ̀dún náà léṣìí, wá dúró lé e lórí. Ó ní kó lọ jókòó ti àwọn ìyá arúgbó lábẹ́ igi, kí oòrùn má baà yọ́ ọ bíi bọ́tà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wilmar kàn fa okùn bàtà náà le sí i.

Tunja ni wọ́n bí Wilmar sí, lórí òkè tí èèyàn ti ń wọ ẹ̀wù òtútù lọ́sàn-án gangan. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè sáré bá a níbẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Bogotá ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Mamá Edilsa, ìyá bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú eré àjọ̀dún ló máa dúró níwájú ọkọ̀ tó ń gbé ère Jòhánù Mímọ́ káàkiri odò nírọ̀lẹ́, Wilmar sì gbà pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa yé fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Yuranis, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un. Ó ní nọ́ọ̀sì wá sílé ìwé àwọn, ó sì ṣàlàyé pé ara ẹni tó ti ibi tútù wá nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ ooru lò. Kí ó tó mọ̀ ọ́n, òógùn kì í tètè jáde, iyọ̀ ara á máa bá òógùn náà lọ, ọkàn á sì máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Wilmar ní ẹsẹ̀ lòun fi ń sáré, òun kì í fi òógùn sáré.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí oòrùn wà láàárín orí. Kò sí igi kankan lójú ọ̀nà etí odò. Níbi tí wọ́n ti ń yí padà, àwọn èèyàn na ife omi sí Dairo, kò gbà á. Ọ̀fun Wilmar ti gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n bó ṣe rí i pé Dairo kò mu, òun náà kọ̀ ọ́. Òun ló wà níwájú nígbà tí wọ́n fi padà dé èbúté àwọn ẹlẹ́ja. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó, tó kọjú sódò, tó sì ṣubú.

Yuranis ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná, bẹ́ẹ̀ òógùn ṣì bò ó. Wilmar fi orúkọ ìyá tirẹ̀ pe Yuranis, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó ti fèrèsé, pé òtútù ń wọlé.

"Ẹ ò rí i, òtútù ti mú un," Mamá Edilsa wí. Ó ti bọ́ ìborùn tó wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ fi bò ó.

Gbogbo ìlú ló gbà pé ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná kò gbọdọ̀ fara kan omi tútù, kí òtútù má baà wọ inú rẹ̀ pa á. Obìnrin tó bá fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kì í fọwọ́ kan omi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nohemí, àbúrò Mamá Edilsa, lọ aṣọ tán, ó wẹ̀ lódò, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ló fẹ́ bá Mamá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ̀rù ba Yuranis. Tó bá ṣàṣìṣe, lójú gbogbo ìlú ni yóò ti pa ọmọ ẹbí rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ ojú omi Eliécer ẹlẹ́ja tó wà lórí iyanrìn, tí yìnyín àti ẹja kún inú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Eliécer, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sínú ọkọ̀ yín."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni?" Mamá di ìborùn náà mú gírígírí.

"Mamá, ara rẹ̀ ń jó. Kò mọ̀ mí mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ooru bá ti da orí rẹ̀ rú, inú omi tútù ni ká kọ́kọ́ fi í sí, ká tó gbé e lọ síbikíbi. Ẹ bínú sí mi tó bá yá."

Eliécer wo Mamá, ó wo ọmọ tó wà nílẹ̀. "Ẹja tèmi ti kú," ó ní, "kò ní bínú pé wọ́n tẹ òun mọ́lẹ̀." Dairo náà ti dá eré dúró, òun ló gbé ẹsẹ̀ Wilmar.

Wọ́n bu omi odò kún ọkọ̀ náà títí ó fi mù ún dé ọrùn. Yuranis gbé orí rẹ̀ dání, ó ń rọ omi sí i lórí. Mamá kọ̀yìn sí wọn, ó ń gbàdúrà. Ẹnì kan ti sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ kò jìnnà, Wilmar bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì la ojú.

"Yuranis," ó ní, "kí ni ẹja ń wá lábẹ́ abíyá mi?"

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu gbogbo èèyàn, Yuranis nìkan ló bú sẹ́kún. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tú Wilmar sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ní ká ní wọ́n fi ìborùn bò ó ni, kíndìnrín àti ọpọlọ rẹ̀ ì bá ti bàjẹ́. Ó ní kó máa rìn ní ìdájí ná, kó máa mu omi, kó sì fara balẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi mọ ooru lò. Wilmar kò bá a jiyàn. Ọ̀nà ilé ni Dairo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì ní òun á máa wá jí i kí àwọn jọ rìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ara wa kò mọ̀ pé wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ní ó tó, ẹ jẹ́ kó tó. Tí ẹ bá sì mọ ohun tó lè gba ẹ̀mí là, ẹ sọ ọ́, ẹ ṣe é, kódà bí àwọn àgbà tí ẹ fẹ́ràn bá ń bẹ̀rù.

Nílé, Mamá Edilsa bu ẹja àti gbágùúdá fún Wilmar, ó sì wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó wá yíjú sí Yuranis.

"O ò gbọ́ tèmi lónìí," ó ní. "O ṣeun, ọmọ mi."