Àwẹ̀ró Abẹ́ Omi

Ní ayé ìgbà tí à ń wí yìí, òkun ti gbóná débi pé iyùn tí ń hù nísàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Dókítà Ìbírónkẹ́ ló ṣe iyùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní ajẹ́pè, nítorí pé ó ń mọ ohùn ẹni tó tọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Bí Dókítà bá ti pè é nínú ẹ̀rọ agbóhùnwọmi, yóò ya ẹnu kéékèèké rẹ̀, yóò jẹun, yóò sì tún pa á dé. Ibi tí iyùn bá hù sí, ẹja á padà síbẹ̀, ìgbì kò sì ní lè gba etíkun ibẹ̀ lọ. Gbogbo Erékùṣù Ìtùnú, níbi tí àwọn Yorùbá tí òkun gba ilé mọ́ lọ́wọ́ tẹ̀dó sí, ló gbójú lé e.

Modádéọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Dókítà bí, fi ìsinmi rẹ̀ wá wo ọgbà iyùn yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ọdún kan yẹn ti di méjìlélógún. Ohun tó bá wá ò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ kí ìyá òun bá òun padà sílé.

Ní àárọ̀ kùtù, Bàbá Ajímúdà, àgbà atukọ̀ tó ń ṣọ́ ọgbà náà, fi ọkọ̀ onídìí-dígí gbé tìyá-tọmọ lọ sójú omi. Dókítà kò tilẹ̀ bi ọmọ bóyá ó sùn dáadáa. Ẹ̀rọ ló gbẹ́nu sí.

"Àwẹ̀ró," ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. "Àwẹ̀ró mi, jí o. Wá jẹun."

Nísàlẹ̀ omi, pápá iyùn pupa náà ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ara Modádéọlá bù máṣọ. Oríkì tirẹ̀ ni.

"Màámi, ṣé èmi lẹ ń pè ni, àbí òkúta?"

"Kì í ṣe òkúta, ohun ẹlẹ́mìí ni. Igba orúkọ la fi pè é tí kò yanu. Èyí nìkan ló jẹ́."

Bàbá Ajímúdà mirí. "Mo sọ fún Dókítà. A kì í fi oríkì ọmọ èèyàn pe ohun inú omi."

"Bàbá, ṣé oríkì máa ń tán ni?" Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Tó bá yanu sínú omi ọ̀sán gbígbóná, ó kú nìyẹn."

Ẹ gbà mí o, ta ló ń bá iyùn ṣorogún? Modádéọlá ni! Owú ń jẹ ẹ́ dé egungun. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi ká lọ sílé."

"Ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún? Ìwọ ti dàgbà. Àwọn ò tíì dàgbà."

Ọ̀rọ̀ yìí ló bà á jẹ́. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìyá rẹ̀ sùn, ó lọ sí èbúté, ó gbẹ́nu sí ẹ̀rọ inú ọkọ̀.

"Èmi ni Àwẹ̀ró! Ṣé ẹ gbọ́? Àwẹ̀ró kan ṣoṣo ló wà!"

Ó kàn fẹ́ bú wọn ni. Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé ohùn ọmọ náà kò yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Bàbá Ajímúdà ló kọ́kọ́ rí i pé iyùn ti yanu sínú omi gbígbóná, ó figbe ta. Kí Dókítà tó sáré dé, pápá pupa ti funfun bí ẹfun. Ó pè, ó pè, ọ̀kankan ò dáhùn.

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ tèmi," ni Modádéọlá wí.

"O mọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ yẹn?" Dókítà kò gbójú sókè. "Òun nìkan ni mo fi ọkàn pè. Ìwọ ni mò ń pè láràárọ̀."

Kí ọdún tó yí po, ìgbì ti gba ìdajì erékùṣù. Dókítà bá ọmọ rẹ̀ padà sílé, bó ṣe fẹ́ gan-an. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí oúnjẹ bá jinná, ìyá á pe ọmọ: "Modádéọlá," bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ó ti gbìyànjú oríkì náà lẹ́ẹ̀kan. Kò pè é tán tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.