Wàrà Ewúrẹ́ Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Ewúrẹ́ kan tẹ etí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, òmíràn ń jẹ okùn bàtà rẹ̀, síbẹ̀ ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. Ó gbé korobá wàrà kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó ka iye rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, kí ó tó sọ fún èyí tó wà lórí aṣọ rẹ̀ pé, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́nu géètì gbàgbé ohun tó wá sọ. Yunifásítì ló ti wá. Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí ohun tí kì í wádìí ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wa?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Èmi ni. Díẹ̀ bíńtín ni. Mo fẹ́ mọ ìdí tí wàrà ewúrẹ́ kan fi ń kún korobá, tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì kún ife."

"Ẹ ò ṣe bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Mo ti bi í. Ó kàn ń wò mí ni."

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà tó gbójú sókè, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, Bàbá Olóko, ń pè é. Òun ló ń di ewúrẹ́ mú nígbà tí Oníbéèrè ń gba ẹ̀jẹ̀. Oníbéèrè ṣàlàyé fún un pé àwọn àṣẹ kéékèèké wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jíìnì, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí òun bá fi wọ́n wé ìwọ̀n wàrà, àti ìwé ìran ewúrẹ́ tí Bàbá Olóko ti ń kọ láti ọgbọ̀n ọdún, òun á lè ya ibi tí wàrà ti ń wá, bí ìgbà tí èèyàn ń ya àwòrán ọ̀nà.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń wá. Kí oṣù kejì tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Bí èsì bá ti jáde, màá bá Bàbá sọ̀rọ̀ nípa wa," Oníbéèrè sọ lọ́jọ́ kan.

"Ṣé èsì ló fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Èsì jáde, ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ ewúrẹ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ìyá tí ìwé kọ fún un mu. Oníbéèrè yẹ ìṣirò rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí àṣìṣe. Ó sáré lọ sóko. Kò tiẹ̀ wò ó pé oníbàárà kan wà níjòókòó, ẹni tó fẹ́ ra ogún ewúrẹ́ nítorí ìran wọn.

"Bàbá, ìwé yín kò bá ẹ̀jẹ̀ mu rárá."

Bàbá Olóko rọra pa ìwé náà dé. "O ń sọ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń purọ́ fún àwọn èèyàn?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá…"

"O ti sọ ọ́. Jáde. Má tún fẹsẹ̀ kan oko yìí. Má sì jẹ́ kí n rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi."

Oníbàárà náà dìde, ó ní òun á padà wá. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń padà bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àbíkẹ́yìn wọ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì bí ìjì. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Fi hàn mí."

Oníbéèrè gbé àwo pẹlẹbẹ kan fún un. Ihò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ kan sí ihò kan.

"Níbo lo fi ẹ̀jẹ̀ àwọn òbúkọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí?"

"Ihò mẹ́rin àkọ́kọ́."

"Ṣé ẹ̀rọ yín tó ń ka ẹ̀jẹ̀ mọ akọ yàtọ̀ sí abo?"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Níbo ló wá rí akọ?"

Oníbéèrè yí èsì sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ihò mẹ́rin tó kẹ́yìn pátápátá ni akọ wà.

"O gbé àwo lódì," Àbíkẹ́yìn sọ. "O kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú nígbà tí o fẹ́ kì í bọ ẹ̀rọ. Ìwọ yẹ ìṣirò wò, o ò yẹ ọwọ́ ara rẹ wò."

Oníbéèrè dijú. "Màá lọ bẹ Bàbá."

"Ojú oníbàárà lo ti sọ ọ́. Ojú oníbàárà náà ni wàá ti kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Mo ti pè é."

Nígbà tí wọ́n dé oko, Oníbéèrè dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ewúrẹ́ níwájú Bàbá Olóko àti oníbàárà, ó sì jẹ́wọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó ní òun ti to èsì padà sí bó ṣe yẹ, ìwé Bàbá sì bá ẹ̀jẹ̀ mu. Ọmọ ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìwé sọ.

Bàbá Olóko wúkọ́. "Ìyẹn… mo fura. Ọgbà já lọ́jọ́ kan, òbúkọ mìíràn sì wọlé."

Oníbàárà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ra ogún ewúrẹ́, ó fi márùn-ún kún un.

"Dìde," Bàbá Olóko sọ. "Ẹni tó lè sọ pé òun ṣe àṣìṣe lójú àlejò, mo lè fún un lóúnjẹ."

Lẹ́yìn oúnjẹ, Oníbéèrè tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí koríko fún Àbíkẹ́yìn. Ibi mẹ́tàdínlógójì nínú jíìnì ewúrẹ́ ló ti rí àmì wàrà, wàrà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá kò sì ju ṣíbí kékeré lọ.

"Kò wá sí ẹyọ kan tó dá a ṣe?"

"Kò sí. Wọ́n kó ara wọn jọ ni. Oúnjẹ sì ń dá sí i, òjò náà ń dá sí i."

Àbíkẹ́yìn fi ìka tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi ńkọ́? Kí lo rí lára mi tó mú ọ padà wá?"

"N kò rí ẹyọ kan tó dá a ṣe. Bí o ṣe ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà wà níbẹ̀. Bí o ṣe ń bínú láìpariwo. Bí o ṣe ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀. N kò tíì kà á tán. Jẹ́ kí n máa kà á nílé wa. Ó lè gbà mí ní ogójì ọdún."

Àbíkẹ́yìn ká àwòrán náà, ó tì í sábẹ́ apá.

"Ogójì kéré," ó sọ. "Kọ ọgọ́ta."