Ẹni Tí Kò Tíì Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àga

Àga katakata náà wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì mí fìì, bí ó ṣe máa ń mí nígbà tí ẹni tó sanra bá jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Èmi nìkan ni mo wà nítòsí, ilẹ̀ ni mo sì dúró sí, mo di kọ̀ǹpútà mi mú, wáyà rẹ̀ sì gba ẹnu ọ̀nà wọ inú yàrá awakọ̀ lọ.

Mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ló jò lábẹ́ àga. Ẹni tó ń fi wáyà jẹun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí wáyà kó tó fura sí ẹ̀mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni katakata yìí, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi apá irin gbọọrọ àti garawa eléyín gbẹ́lẹ̀. Àgbá ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ikùn rẹ̀. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, lójú oorun, nígbà tó ku díẹ̀ kó gbẹ́ kòtò páìpù omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ náà ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò gbé. Kóòdù kan ló máa ń yọ lójú sikirini: àwòrán ọkùnrin pupa kan tó jókòó, àti nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó wà lórí àga kò de bẹ́líìtì. Bí ẹ̀rọ bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́ kí apá gbé ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Tẹ́ẹ́rẹ́, awakọ̀ tuntun tí a gbà láti ibòmíràn, a máa de bẹ́líìtì tirẹ̀ títí tí kò fi ní lè mí dáadáa.

"Ọ̀gá Oníwáyà," ó ké láti orí àga nígbà tó dé láàárọ̀ náà, "mo ti dè é o! Bí mo bá fún un ju báyìí lọ, ìdajì mi lẹ máa gbé sọ̀ kalẹ̀."

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ ẹnu bẹ́líìtì. Mo yọ ohun kékeré tó ń mọ ìwúwo kúrò lábẹ́ àga, mo fi tuntun síbẹ̀. Mo pa kóòdù náà rẹ́. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ọkùnrin pupa ti padà jókòó.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé ẹ̀gbọ́n mi kò de bẹ́líìtì rí láyé rẹ̀. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló máa ń de é sí, á wá fẹ̀yìn tì í, kí ẹ̀rọ lè rò pé ó gbọ́ràn. "Ta ló ń de àgbá lókùn?" ló máa ń wí.

Ìyàwó rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Bàtà ilé ló wọ̀ wá, ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

"Ọkọ mi," ó pè mí, bó ṣe máa ń pe gbogbo àbúrò ọkọ rẹ̀, "ẹ ò tíì rí i tún ṣe?"

"Mo ṣì ń wò ó, ìyàwó wa."

"Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wà lọ́nà. Bí apá ẹ̀ ò bá gbé kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e máa lọ. Mi ò lè máa wo òkú méjì."

Lórí ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń darí apá ẹ̀rọ, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jẹ ṣì ń dán. Bí wọ́n bá gé e, ibo ni mo tún ti máa rí ọwọ́ rẹ̀?

Mo ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí n lè yẹ àga òfìfo wò. Ó sọ̀. Ọkùnrin pupa kò kúrò, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó kúrò bí àga bá ṣófo. Mo wá ní kó nawọ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, kó de bẹ́líìtì lórí àga náà lásán, kí n mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó fà á, ó gùn, ó gùn sí i. Ó dún kẹ́ù.

Bẹ́líìtì àga òfìfo yẹ kó fà padà, kó lẹ̀ mọ́ àga. Èyí kò lẹ̀. Ó yọ síwájú nínú afẹ́fẹ́, ó rí róbótó, ó sì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń mí.

Ọkùnrin pupa di aláwọ̀ ewé.

"Ikùn rẹ̀ nìyẹn," ni ìyàwó wa wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo mọ ikùn yẹn."

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo àga, ó wo wá. "Màmá, ẹ má bínú o. Èmi wá fẹ́ jókòó síbo? Ṣé orí itan wọn ni?"

Ìgbà náà ni mo rántí òfin àwọn awakọ̀ katakata ibi iṣẹ́ wa. Gíláàsì yàrá awakọ̀ dúdú. Ẹni tó wà nílẹ̀ kì í rí inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi àga sílẹ̀ fún ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀, á wo ojú ẹni náà, á ní, "Mo ti sọ̀." Ẹni náà á ní, "Mo gbọ́." Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló máa ń fi ọ̀rọ̀ kún un. Á fẹnu kan etí ẹni náà, á ní, "Rọra o, má ta ilẹ̀ jí." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lò kẹ́yìn, kò fi àga lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀ bí ẹni tí yóò padà wá láàárọ̀.

Mo rọra sọ fún ìyàwó wa pé ọkọ rẹ̀ kò tíì sọ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá awakọ̀.

"Olówó orí mi," ó ní, "gbogbo ọdún tí mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ de bẹ́líìtì, ẹ kọ̀. Ẹ wá kú tán, ẹ wá ń dè é!" Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ó tó báyìí. Ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ sinmi."

Lẹ́yìn náà, bẹ́líìtì dún kẹ́ù, ó sì fà padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ọwọ́ kan ń dá a padà sí àyè rẹ̀. Àga mí fìì, ó gbéra. Ẹrẹ̀ gbígbẹ já bọ́ lára àtẹ̀gùn irin, ti òkè, lẹ́yìn náà ti ìsàlẹ̀. Gbogbo katakata náà sì gbé sókè díẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹni tó wúwo bá bọ́ọ́lẹ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ létí.

"Mo gbọ́, sà," ó ní.

"Kí lo gbọ́?" ni mo bi í.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ ni? Ẹ ní ẹ ti sọ̀. Ẹ ní kí n rọra, kí n má ta ilẹ̀ jí."

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, Tẹ́ẹ́rẹ́ kò sì fojú kan ẹ̀gbọ́n mi rí. Nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tó wà láyà mi àti ẹnu mi tó là sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

Ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i? Ó ṣì ń pàṣẹ!"

Nígbà tí àwọn tó ń ra irin dé, Tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà lórí àga, garawa ti wà nínú kòtò, ó ń bu ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń bu omi fún aláìsàn. Wọ́n dúró wò ó díẹ̀, wọ́n sì padà.

Àwòrán pupa náà kò tún yọ mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti fi ipá sọ garawa lulẹ̀, fèrè ẹ̀rọ náà a máa dún fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti yẹ wáyà fèrè náà wò láti orí dé ìdí. Kò sóhun tó ṣe é. N kò sì ní tún un ṣe.