Ẹyọ Obì Kan Tó Kù

Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa o. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó béèrè ilé olóògbé Aaron ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé.

Bọ̀wálé ni dáwódù. Olùkọ́ ìṣirò ni, kò sóhun tí kò lè pín bí ẹ bá ti fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Òun ló fẹ́ pín obì gbànja tí wọ́n ká lóko bàbá wọn lẹ́yìn ìsìnkú. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ̀wálé nìkan ló mọ̀ pé ẹnì kẹfà wà ní Ibefun, Mọ́ṣádé, tí bàbá bí síta. Lórí àìsàn ni bàbá ti sọ fún un pé, "Má gbàgbé rẹ̀." Kò gbàgbé. Ó kàn panu mọ́ ni.

Ọ̀sán ni, àmọ́ òjò ṣú, iná sì ti lọ. Wọ́n ka obì náà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé mọ́kànlélógún ni, 2,521.

Ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ pín in ní ìdí igi, ọ̀nà kan fún ilé ìyá kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan.

"Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́," ni Walter, àbíkẹ́yìn wọn, wí. Wọ́n pa á, wọ́n jẹ ẹ́.

Ìtùnú, ọmọ kejì, ní orí-ò-jorí ló dáa, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Wọ́n kó o pọ̀, wọ́n pín in sọ́nà márùn-ún. Ó tún ku ẹyọ kan.

Wọ́n ti jẹ ọ̀kan, kò yẹ kí nǹkan kan kù. Bọ̀wálé tún gbogbo rẹ̀ kà. 2,521 ni. Obì ṣì ń korò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ fi àwọn ìyá wa kún un," ni Ìtùnú wí.

Wọ́n pín in sọ́nà méje. Ó ku ẹyọ kan.

Bọ̀wálé mú bírò, ó fi mẹ́ta pín nọ́ńbà náà lẹ́yìn páálí, ó fi mọ́kànlá, ó fi mẹ́tàdínlógún. Kò sí èyí tó pín in dọ́gba. Ó mọ̀ pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wà, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn níléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ò lọ iléèwé.

"A ò pé," ó wí wẹ́lẹ́. "Mẹ́fà ni wá."

Ó sọ ọ̀rọ̀ Mọ́ṣádé fún wọn.

"Bùrọ̀dá, ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ ká sin bàbá láìpè é?" Ẹkún gba ohùn Ìtùnú. Ojú gba Bọ̀wálé tì.

Walter ló fọwọ́ ara rẹ̀ pín in sọ́nà mẹ́fà. Ó ku ẹyọ kan.

Ìtùnú nujú. "Ta tún ni, Bùrọ̀dá?"

"Nọ́ńbà yẹn ni. Mẹ́fà náà ò lè pín in."

"Ta tún ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ sínú òjò, kò sẹ́ni tó mú ìpín rẹ̀. Bọ̀wálé kó obì náà jọ níwájú ara rẹ̀, ó sì pín in sọ́nà kan ṣoṣo, fún òun nìkan. Kò ku ẹyọ kan.